Igi Obì Àìná Nínú Ọgbà Ìjọba

Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìjọba tí mo ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi ń gbálẹ̀ abẹ́ pátákó náà kí n tó mọ ohun tí wọ́n kọ sí i, nítorí pé n kò mọ̀wé. Bàbá Sálíù, ará Adó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni.

"Wọ́n ní ẹni tí kò bá wọ bàtà kò gbọdọ̀ gba ibí wọlé."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo wo ẹsẹ̀ Bàbá Sálíù. Àwa mẹ́rìnlá là ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú wa tó ní bàtà. Àwa la gbin gbogbo òdòdó ibẹ̀, àwa là ń bomi rin ín, àwa là ń kó ìgbẹ́ ajá àwọn òyìnbó. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń da pàǹtí sí, la máa ń gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ wọ ààfin Ewì l'Ádó, bàtà ló máa kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ olówó, ì báà jẹ́ akọ̀wé. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ àti fún ẹni tó ni ilẹ̀. L'Ékòó, ẹsẹ̀ lásán yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí kò tó ènìyàn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi di òní tí mo jókòó sí Ìgbẹ́mọ, ìlú mi ní Èkìtì, tí mò ń rò ó. Àwọn ẹbí mi a máa ní kí n gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ tiwọn lọ̀rọ̀ náà kàn, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún wọn láti sọ.

*

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu l'Ékòó ni koríko. Àwọn mìíràn á máa sọ̀rọ̀ òkun, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ iná tó ń tàn láìní epo. Èmi, koríko ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ́ dì mú ni koríko ti jẹ́ ọ̀tá mi. Ní Ìgbẹ́mọ, bí koríko bá hù yí ilé ènìyàn ká, a ó ní onílé ti kú ni, tàbí kó jẹ́ ọ̀lẹ paraku. Àgbàlá tó mọ́ ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, tí abẹ́rẹ́ bá bọ́ síbẹ̀ tí a ó rí i.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́, Fóòmànù fún mi ní ọkọ́. Ọmọ Èkó ni Fóòmànù. Òun ni olórí àwa òṣìṣẹ́, òun náà sì ni ògbufọ̀ láàárín àwa àti òyìnbó tó ń ṣàkóso ọgbà. Ó nawọ́ sí apá kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ní, "Tún ibẹ̀ yẹn ṣe kó mọ́ dáadáa," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Èmi ọmọ àgbẹ̀, mo bọ́ ẹ̀wù, mo dojú kọ iṣẹ́. Kí oòrùn tó dé àárín orí, mo ti ro ibi tó tó ilẹ̀ ilé kan. Mo hú koríko náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo kó o dànù, mo wá ìgbálẹ̀, mo gbá ilẹ̀ náà títí ó fi ń dán. Lẹ́yìn náà ni mo wá fara ti ọkọ́ mi, mò ń retí kí wọ́n wá kí mi kú iṣẹ́.

Fóòmànù ló kọ́kọ́ dé. Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ará òkè yìí ti pa mí o!"

Òyìnbó sáré tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Ó sọ, ó sọ, kò dákẹ́. Fóòmànù yíjú sí mi. "Ó ní ṣé orí rẹ pé? Ó ní láti ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń tọ́jú koríko yìí!"

"Kí ni wọ́n ń tọ́jú koríko fún? Ẹ sọ fún un pé mo tún ulẹ̀ ṣe ni. Ulẹ̀ ọ̀hún ti mọ́."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ohùn Èkìtì tó jáde lẹ́nu mi ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, "Ulẹ̀" ni wọ́n ń pè mí. "Ulẹ̀, gbé omi wá! Ulẹ̀, òjò ń bọ̀!" Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi fún gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ mí ni pé kí n máa bomi rin ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí koríko yóò fi tún hù. Ẹ gbọ́ mi yé o: kí n máa bomi rin koríko. Bí bàbá mi bá jí láti inú ibojì kó rí mi, á ní kí wọ́n lọ yẹ orí mi wò. Mo ru omi títí ọrùn fi ń ro mí. Koríko náà kọ̀, kò hù. Ọdún kìn-ín-ní, ọdún kejì, ibẹ̀ ṣì pá bí orí àgbàlagbà.

*

Yàrá kan ni èmi àti Dúpẹ́ ìyàwó mi háyà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan. Dúpẹ́ ń fọṣọ fún àwọn akọ̀wé. Lọ́jọ́ tí a kó dé, ó gbé odó rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Odó yìí ni ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó, kò sì gbà kí a fi í sílẹ̀ ní Èkìtì. Kò tíì gún iṣu alẹ́ wa kúnná tí bàbá onílé fi yọ sí wa.

"Kí ló ń dún gbì gbì bẹ́ẹ̀?"

"Iyán ni, bàbá," Dúpẹ́ dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ ó bá wa jẹ níbẹ̀."

"N kò jẹ ẹ́. Odó kò gbọdọ̀ dún nínú ilé mi mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ wó ògiri mi ni?"

Ará Èkìtì láìsí iyán! Ẹ̀bà la wá ń jẹ, àárọ̀ ẹ̀bà, alẹ́ ẹ̀bà. Dúpẹ́ da odó náà dojú dé, ó sì ń jókòó lé e lórí bó bá ń fọṣọ. Nígbà mìíràn mo máa ń bá a níbẹ̀ tó fọwọ́ lẹ́rán, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni na án, kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò yá. Ó kàn jókòó lórí odó tí kò lè lò ni.

Ní ti ọgbà, bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, àwọn onílé ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn obìnrin òyìnbó á gbé agboòrùn, ajá wọn á máa sáré ṣáájú. Àwọn akọ̀wé ọmọ wa tó wọ bàtà dúdú á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á na ẹsẹ̀ kí bàtà náà lè hàn. Láwọn ọjọ́ kan àwọn ṣọ́jà á wá fun fèrè. Àwa tí a gbin ibẹ̀, wọ́n ní kí a máa wọ ẹ̀yìn igbó òdòdó lọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè gbádùn afẹ́fẹ́. Mo bi Fóòmànù bóyá àwa là ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́.

Lẹ́tà la fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Akọ̀wé kan tó máa ń jókòó nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń bá mi kọ ọ́. Ní Ìgbẹ́mọ, tíṣà ìjọ ló ń kà á fún Yèyé mi. Ó ń kà á sókè fún gbogbo agboolé, nítorí pé Yèyé kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ ní òun nìkan. Nítorí náà, n kì í lè sọ ohun tó ń dùn mí. Mo máa ń ní àlàáfíà ni a wà, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, òyìnbó fẹ́ràn mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di òpùrọ́ lórí pépà.

*

Ní ọdún kẹta, Dúpẹ́ bímọ obìnrin. Ìwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó ń bọ̀ wáyé. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí fi sùúrù tú u, ọmọ sì ké. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tún ní orúkọ mìíràn tó ju Àìná lọ.

Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìdodo ọmọ jiná, ìwọ́ já. Kò sí ọmọ Yorùbá tí n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé a kì í sọ ìwọ́ ọmọ nù. Inú ilẹ̀ la ń rì í sí, a ó sì gbin igi lé e lórí, obì tàbí ọ̀pẹ. Ibi tí ìwọ́ ènìyàn bá wà, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Mo tọ bàbá onílé lọ láàárọ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ìwọ́ ọmọ yẹn ti já. A fẹ́ tọrọ àyè díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yín."

Ó yọ orín lẹ́nu. "Nínú ilẹ̀ mi?"

"Ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, bàbá."

"Yàrá ni mo fún ọ, n kò fún ọ nílẹ̀. Tí ọmọ yìí bá dàgbà lọ́la, á ní ibí ni wọ́n ri ìwọ́ òun sí, á bá àwọn ọmọ mi ṣẹjọ́. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ẹ gbé e lọ sí ìlú yín."

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ohun tó tún bí mi nínú jù ni pé bàbá náà kò purọ́. Tó bá jẹ́ pé àlejò kan ló wá tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi ní Ìgbẹ́mọ, ohun kan náà ni bàbá mi ì bá wí. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dun ènìyàn títí ó fi kàn mí.

Dúpẹ́ di ìwọ́ náà sínú aṣọ funfun, ó fi sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e sábẹ́ ibùsùn. Ará Ìgbẹ́mọ kan tó ń lọ sílé ní kí a gbé e fún òun. Dúpẹ́ ní rárá, ìwọ́ ọmọ òun kì í ṣe ẹrù tí à ń fi ránṣẹ́. Mo kọ̀wé sílé, tíṣà kà á sókè, Yèyé sì ní kí ó kọ èsì. Akọ̀wé kà á fún mi: "Má ṣe ri uwọ́ ọmọ mi sí ulẹ̀ ẹlòmíràn. Gbé e wá ulé." Mo bẹ Fóòmànù pé kó fún mi láyè ọ̀sẹ̀ méjì péré.

"Nítorí ìwọ́?" ó ní. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n má padà wá."

Ní oṣù yẹn gan-an ni òyìnbó tó ń ṣàkóso ọgbà dúró níwájú ibi tí mo ti ro ní ọjọ́sí, tó mi orí. Ó ti sú u. Ó sọ fún Fóòmànù pé kí "Ulẹ̀" gbin igi kan síbẹ̀, igi yòówù tó bá wù ú, kí ó ṣáà bo ibẹ̀ lójú. Fóòmànù túmọ̀ rẹ̀ fún mi létí gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹ rántí èyí o, nítorí pé wọ́n ní kò sí nínú ìwé lẹ́yìn náà.

Bàbá Sálíù fà mí sẹ́yìn igbó òdòdó.

"Ọmọ mi, ta ló kọ́kọ́ ro ulẹ̀ ibẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Nílé wa, ta ló ni ulẹ̀?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ ro ó ni."

"Kí lo tún wá ń wá kiri?"

Mo wo ibi pípá náà, àfi bí ẹni pé mi ò rí i rí. Ilẹ̀ tí mo ro lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lé lórí, tí koríko òyìnbó sì kọ̀ láti hù lórí rẹ̀. Bàbá Sálíù ní ọ̀dọ́ obì kan nínú agolo, èyí tí wọ́n bá a mú bọ̀ láti Adó. Ó gbé e fún mi. Mùsùlùmí ni òun, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, a kò sì jiyàn kankan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbẹ́ ilẹ̀ kó tó di pé àwọn yòókù dé. Mo gbé ìwọ́ ọmọ mi sínú rẹ̀, mo gbin obì lé e. Mo ní, "Àìná, ibí ni ilé rẹ. Kò sẹ́ni tí yóò lé ọ níbí." Lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi láti ru omi.

*

Obì náà dàgbà. Àìná dàgbà. Láti ìta ló ti ń wo igi rẹ̀, nítorí pé ọmọ tí kò wọ bàtà ni òun náà. Dúpẹ́ á gbé e wá sídìí ọgbà bó bá ń lọ gbé aṣọ fún àwọn tó fọṣọ fún, ọmọ á fi ojú há àárín irin tí wọ́n fi yí ọgbà ká, á máa juwọ́ sí mi. Ọmọ àwọn òyìnbó á máa sáré yí igi náà ká. Mo ń rí i, mo ń gbá ewé.

Nígbà tó tó ọmọ ọdún márùn-ún, mo rí bàtà kanfáàsì kan nínú pàǹtí. Ọmọ òyìnbó kan ló sọ ọ́ nù, iwájú rẹ̀ ti lu. Mo gbé e wálé. Dúpẹ́ rán an, ó fọ̀ ọ́, ó fi ẹfun pa á, ó ki òwú sí i nídìí kó lè bá ẹsẹ̀ ọmọ mu. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó wọ̀ ọ́ fún Àìná, ó mú un dé ẹnu ọ̀nà ńlá, ó sì tú u sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè wọlé. Èmi wà nídìí igi, mo di ìgbálẹ̀ mú.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọ̀pá dí i lọ́nà. "Ọmọ ta ni ìwọ? Níbo lò ń lọ?"

Àìná gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó fi bàtà hàn án. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé ti òsì.

Ẹ̀ṣọ́ wo bàtà, ó wo pátákó. Ó gbé ọ̀pá kúrò, ọmọ mi sì gba ojú ọ̀nà ńlá wọlé, ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí òwú tó wà nínú bàtà náà. Àwọn akọ̀wé tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bọ́ bàtà náà, ó jókòó sídìí igi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ilẹ̀.

"Bàbá, ṣé ilé mi nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ilé rẹ ni."

Ó fọwọ́ pa ilẹ̀ náà bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ tuntun. Lára gbogbo ohun tí mo rí l'Ékòó, ọjọ́ náà nìkan ni mo lè fi yangàn.

*

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, obì so fún ìgbà àkọ́kọ́, èso kan ṣoṣo lókè téńté. Ní ọdún náà ni òyìnbó wa lọ sílé pátápátá, tí tuntun sì dé. Àlejò ńlá kan ń bọ̀ láti Ìlú Òyìnbó, wọ́n sì fẹ́ ri òpó àsíá kan mọ́lẹ̀ nínú ọgbà. Òyìnbó tuntun rìn yí ká pẹ̀lú okùn, ó wọn ibí, ó wọn ọ̀hún, ó sì dúró nídìí obì. Gbogbo ilẹ̀ tó lọ súà nínú ọgbà yẹn! Ibẹ̀ náà ló rí.

Fóòmànù gbé àáké wá fún mi. "Ulẹ̀, gé igi yìí kó tó di ọ̀sán."

"N kò ní gé e."

"Kí lo wí?"

"Uwọ́ ọmọ mi wà lábẹ́ ẹ̀. N kò ní gé e."

Mo ti rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni. Àìná."

"O ti kó mi sí wàhálà," ó ní.

Ó na àáké sí ẹni tó tẹ̀lé mi. Ẹni náà di ọwọ́ sẹ́yìn. Ó nà án sí ìkẹta, ìyẹn ṣẹ́jú wo Bàbá Sálíù, òun náà kò gbà á. Ìjẹ̀bú wà nínú wa, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ọmọ Èkó gan-an wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ti ń fi ohùn mi ṣẹ̀sín láti ọdún yìí wá ni o. Kò sẹ́ni tó gba àáké. Kò sẹ́ni tí wọn kò ri ìwọ́ tirẹ̀ sí ibì kan nínú wọn.

Òyìnbó dé, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóòmànù ṣàlàyé títí. Òyìnbó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le.

"Ó ní ta ló fún ọ nílẹ̀?" Fóòmànù ní.

"Ẹ sọ fún un pé òyìnbó tó lọ ló ní kí n gbin igi tó bá wù mí. Ẹ̀yin lẹ túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Gbogbo wa la gbọ́."

Fóòmànù túmọ̀ èyí tó túmọ̀. "Ó ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé. Ó ní ilẹ̀ ọba ni."

"Ó dára. Kí ọba wá tọ́ ọmọ náà."

Èyí, kò túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó gba àáké, ó fi lé Fóòmànù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Fóòmànù gbé e sókè. Ó pẹ́ tó fi wà lókè. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó di èjìká mú, ó sọ fún òyìnbó pé apá ń dun òun. Mo ti kórìíra ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́sàn-án. N kò lè kórìíra rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an sì tún bí mi nínú.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n dé. Àwọn yẹn kò mọ nǹkan kan, n kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í bèèrè ohun tó wà lábẹ́ igi. Dúpẹ́ àti Àìná wà lẹ́yìn irin, wọ́n ń wò ó. Igi náà kò pẹ́ kó tó wó. Àìná kò sunkún. Ó kàn bi mí nígbà tí mo jáde sí wọn pé, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún wọn?"

Ẹ̀yin tó ní kí n gbàgbé, ẹ wá bá mi dá a lóhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà ti he èso obì náà nílẹ̀. Bóyá ojú mi ló wò, n kò mọ̀. Ó nà án sí mi. Mo fi sínú àpò. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ ìdí igi sínú agolo tí obì náà ti wá láti Adó, mo gbé ọkọ́ lé èjìká, mo sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà ńlá, èmi ẹlẹ́sẹ̀ lásán.

"Ulẹ̀, ibẹ̀ kọ́ lẹ̀ ń gbà!" ẹ̀ṣọ́ kígbe.

"Orúkọ mi kọ́ nìyẹn," mo ní. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo sì gba abẹ́ pátákó jáde.

*

A padà sí Ìgbẹ́mọ. Dúpẹ́ ru odó rẹ̀ dé. Kí ó tó tú ẹrù yòókù, ó fọ odó náà, ó gún iyán, gbogbo agboolé sì gbọ́ ọ. Yèyé mi gba agolo iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti ń retí ìbáwí, nítorí pé n kò ṣe ohun tó ní kí n ṣe.

"Ṣé ibi tí uwọ́ ọmọ mi wà nìyí?"

"Òun ni, Yèyé. Ìwọ̀n tí mo lè kó nìyí."

Kò bá mi wí. Ó da iyẹ̀pẹ̀ náà sí ẹ̀yìn ulé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pè é, Àìná sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin obì kan láti inú èso àpò mi síbẹ̀. Ó hù. Àwọn ọmọ agboolé kọ́kọ́ ń fi Àìná ṣẹ̀sín pé ohùn Èkó ló ń sọ. "Ọmọ Èkó" ni wọ́n ń pè é. Mo lé wọn pẹ̀lú ẹgba lọ́jọ́ kan, Yèyé sì gba ẹgba náà lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọdé ni wọ́n. Mo mọ̀ pé ọmọdé ni wọ́n. Ibẹ̀ náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àìná ti ń lọ sí ilé ìwé l'Ádó báyìí, òun ló sì ń bá mi kọ gbogbo èyí sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Òun náà ló ka lẹ́tà tí Bàbá Sálíù ní kí wọ́n bá òun kọ sí wa ní ìgbà òjò tó kọjá. Bàbá náà ní àlejò ńlá ti wá, ó ti lọ, òpó àsíá ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kùkùté obì kò kú. Oṣooṣù ló ń rú ewé jáde nídìí òpó, tí wọ́n bá gé e, á tún rú. Òyìnbó ní kí Fóòmànù yan ẹnì kan tí yóò máa gé e. Fóòmànù ní òun fúnra òun ni yóò máa ṣe é. Láti ìgbà náà, Bàbá Sálíù ní, ewé náà ti ga dé orúnkún ènìyàn, apá Fóòmànù kò sì tíì san.

Nígbà tí Àìná kà á dé ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ wa ṣe. Mo ní n kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun fẹ́. Ohun tó kù yìí, òun ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, mo sì ní kó fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀:

Bí ẹ bá dé ọgbà náà, ẹ wọ bàtà gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé bí pátákó ṣe wí. Bí ẹ bá dé ìdí òpó tí ẹ rí ewé obì níbẹ̀, ẹ bọ́ bàtà yín. Ilé mi lẹ dé yẹn.